Ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré ló wọlé: ṣé ojóró ni ti Amẹ́ríkà?

Bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ló kọ̀wé sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ọmọ mi obìnrin wà ní Houston, ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè ibẹ̀. Mo bi í lórí fóònù bóyá ó dìbò ní 2024, ó ní kí lòun fẹ́ dìbò fún, pé ní Texas, òun dìbò o, òun ò dìbò o, ọ̀kan náà ni. Inú bí mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ nídìí ayò, ọ̀rẹ́ mi kan ní ọmọ mi ò jẹ̀bi, pé ní Amẹ́ríkà ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré ló ń wọlé, pé ojóró tiwọn ju tiwa lọ, wọ́n kàn wọ aṣọ ńlá sí i lọ́rùn ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn ò fi pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́? Èrò tiyín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́."

Bàbá, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló so kọ́ra nínú lẹ́tà yín: ti ọ̀rẹ́ yín, ti ọmọ yín, àti ti èmi tí ẹ ń bi léèrè. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọ̀rẹ́ yín ṣáájú, torí òun ló pariwo jù. Òótọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ní 2016, ìbò tí Hillary Clinton ní fi bíi mílíọ̀nù 2.9 ju ti Donald Trump lọ, Trump ló sì di Ààrẹ. Ní 2000, Al Gore fi ohun tó lé ní 500,000 ìbò ju George W. Bush lọ, Bush ló wọlé. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní 1824, 1876 àti 1888. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń yan Ààrẹ, nítorí náà "ló ń wọlé" tó sọ yẹn ti ní àfikún díẹ̀. Ní 2024 tí ẹ mẹ́nu bà, Trump ló ní ìbò tó pọ̀ jù, òun náà ló sì wọlé. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó láti mú ènìyàn béèrè pé irú òfin wo rèé. Electoral College lorúkọ rẹ̀.

Nídìí ayò lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ayò tú u. Ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n. Ká ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín fẹnu kò pé ẹ máa ta márùn-ún, ẹni tó bá kọ́kọ́ pa mẹ́ta lọ̀ta. Ó bínú tẹ́lẹ̀, ó fi 40 sí 8 pa yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá fara balẹ̀, ẹ fi 25 sí 23 pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a bá ṣírò gbogbo ọmọ ayò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ, ẹ̀yin ní 91, òun ní 149. Ta lọ̀ta? Ẹ̀yin ni. Kò sẹ́ni tó máa pè yín lólè níbẹ̀, torí bí ẹ ṣe jọ fẹnu kò sí i nìyẹn kí ẹ tó da ọmọ ayò sílé. Bí wọ́n ṣe ń yan Ààrẹ níbí náà nìyẹn. Ìdìbò 51 ni wọ́n ń dì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ti ìpínlẹ̀ 50 àti ti Washington, D.C. Ẹni tó bá borí ní ìpínlẹ̀ kan máa ń gba àmì tí wọ́n so mọ́ ìpínlẹ̀ náà, ẹni tí àmì rẹ̀ bá sì pé 270 nínú 538 ló di Ààrẹ.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí ayò ni pé ojú ọpọ́n wọn ò tóbi dọ́gba. Iye aṣojú tí ìpínlẹ̀ ní ní Ilé Aṣojú-ṣòfin, pẹ̀lú méjì tí gbogbo ìpínlẹ̀ ní ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ni iye àmì rẹ̀. California ní 54, Texas ní 40, Wyoming ní 3. Méjì tí kálukú ní yẹn, ó dà bí ẹ̀bùn fún kékeré. Ní ìkànìyàn 2020, ará California lé ní mílíọ̀nù 39, ará Wyoming ò tó 600,000. Ẹ pín in wò, ẹ óò rí i pé àmì kan ní Wyoming dúró fún bíi 192,000 ènìyàn, àmì kan ní California dúró fún ohun tó lé ní 700,000. Àwọn ará Puerto Rico tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta, tí wọ́n jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láti inú oyún, kò ní ẹyọ kan.

Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn àmì yẹn o. Àwọn gan-an ni Electoral College, orúkọ tó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, torí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀. Wọn kì í tilẹ̀ pàdé lójú kan. Ní oṣù December, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń pé jọ sí olú-ìlú ìpínlẹ̀ wọn, tiwa ní Harrisburg, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, wọ́n á túká. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ilé pé àwọn wọ̀nyí dà bí afọbajẹ, pé wọ́n lè fi ẹni tí ìlú yàn sílẹ̀ kí wọ́n mú ẹlòmíì. Irú èrò afọbajẹ yẹn wà lọ́kàn àwọn tó dá a sílẹ̀ lóòótọ́, pé kí àwọn ọlọ́gbọ́n díẹ̀ jókòó yẹ olùdíje wò. Kò pẹ́ tó fi di ohun ẹgbẹ́ òṣèlú. Lónìí, ẹgbẹ́ ló ń yan àwọn ènìyàn tirẹ̀ sílẹ̀, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá a ní 2020 pé ìpínlẹ̀ lè fi òfin mú wọn dìbò bí ará ìlú ti dì í.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1787, ní Philadelphia tí mò ń gbé yìí. Mo ti mú àlejò láti ilé lọ wo yàrá tí wọ́n jókòó sí lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé àṣé kò tóbi. Nínú yàrá yẹn, James Wilson ti Pennsylvania dá a lábàá pé kí ará ìlú fúnra wọn dìbò yan Ààrẹ. Wọn ò gbà. Àwọn kan bẹ̀rù pé ará oko ò lè mọ olùdíje tó wà níbi tí ẹṣin máa rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìpínlẹ̀ kékeré ń bẹ̀rù àwọn ńlá. Àwọn mìíì fẹ́ kí Ilé Aṣòfin yàn án. James Madison ti Virginia wá la ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kọ: ó ní ará ìlú ló yẹ jù láti yan Ààrẹ, àmọ́ Gúúsù máa pàdánù, torí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ ẹrú, ẹrú kì í sì í dìbò. Madison alára ní ẹrú. Wọ́n sì ti fi àdéhùn kan sínú òfin pé ẹrú márùn-ún máa dúró bí ènìyàn mẹ́ta nígbà tí wọ́n bá ń ka iye àga ìpínlẹ̀ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin. Bí wọ́n ṣe so àmì Ààrẹ mọ́ iye àga, ẹrú tí kò lè dìbò wá ń fi agbára ìbò kún ti olówó rẹ̀. Nígbà ìdìbò 1800, Virginia ní àmì 21, Pennsylvania ní 15, bẹ́ẹ̀ iye àwọn tó jẹ́ òmìnira nínú ìpínlẹ̀ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìn síra. Nínú ọdún 36 àkọ́kọ́, ọdún 32 ni ará Virginia fi wà lórí àga Ààrẹ. Mi ò ní sọ pé nítorí oko ẹrú nìkan ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, èyí tí mo kà sílẹ̀ lókè ti fi hàn pé ìdí pọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ fún yín pé nítorí àwọn ìpínlẹ̀ kékeré nìkan ni, ìdajì ìtàn ló sọ.

Ẹ̀dùn ọmọ yín ò sí nínú ìyẹn rárá. Ohun tó pa ìbò rẹ̀ ní Texas ni pé ẹni tó bá borí ní ìpínlẹ̀, ì báà ṣe ìbò kan ni ó fi borí, ó kó gbogbo àmì ibẹ̀ lọ. Kò sí nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, torí ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè níbẹ̀ ò fẹ́ kí èèrún bọ́ sẹ́nu ẹnì kejì. Maine àti Nebraska nìkan ló ń pín tiwọn. Ní 2024, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.8 ènìyàn ló dìbò ní Texas fún Kamala Harris, olùdíje ẹgbẹ́ Democrat tó bá Trump díje, kò rí àmì kan mú kúrò níbẹ̀. Láti 1976 tí Jimmy Carter ti mú Texas, kò tíì sí Democrat tó mú un mọ́. Mi ò mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe, n kò sì béèrè, torí ní ọ̀nà kejì bákan náà ni: bó bá jẹ́ Republican tí í ṣe ẹgbẹ́ Trump, Trump máa mú Texas bó jáde bí kò jáde. Àwọn tó rò pé Democrat nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń dùn, ẹ sọ èyí fún wọn: ní 2020, California ni ìpínlẹ̀ tí Trump ti rí ìbò tó pọ̀ jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà, ó ju ti Texas lọ. Òfo ló mú kúrò níbẹ̀.

Mo ti gbé ìhà méjèèjì rí. Ní Brooklyn ni mo ti kọ́kọ́ dìbò yan Ààrẹ, ní 2008. New York ò tíì yan Republican láti 1984, nítorí náà kò sẹ́ni tó wá kanlẹ̀kùn mi, kò sẹ́ni tó pè mí. Ìgbà tí mo kó wá sí Philadelphia ni mo di olóyè. Pennsylvania lè yí sí ọ̀tún, ó lè yí sí òsì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní swing state, àmì 19 ló sì ní ní 2024. Tí oṣù September bá ti wọlé ní ọdún ìdìbò, fóònù ò ní sinmi, ìwé olóṣèlú á kún àpótí lẹ́tà, tẹlifíṣọ̀n ò ní polówó ọṣẹ mọ́. Ní 2024, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kanlẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́, ó fi owó ara rẹ̀ wọ bàálù wá láti California. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kan ilẹ̀kùn àwọn ará àdúgbò rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn olùdíje ò nílò wọn. Ọ̀rọ̀ swing state yìí máa ń dé inú ètò ìjọba pàápàá. Harris sọ ní 2019 pé òun máa fòpin sí fífọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ láti fa gáàsì. Ní 2024 ó ní òun ò ní fòfin de é mọ́. Iṣẹ́ gáàsì wà ní Pennsylvania, ẹ má wo jìnnà. Ìpínlẹ̀ méje péré ni àwọn olùdíje ná púpọ̀ jù nínú agbára wọn lé lórí lọ́dún yẹn.

Ẹni tí Electoral College ń gbè yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ní 2004, Bush fi mílíọ̀nù mẹ́ta ìbò ju John Kerry lọ káàkiri, bẹ́ẹ̀ ká ní bíi 60,000 ènìyàn yí ọkàn padà ní Ohio nìkan ni, Kerry ni ì bá wọlé. Ní 2020, Joe Biden fi mílíọ̀nù méje lé Trump, àmọ́ Arizona, Georgia àti Wisconsin tó gbé e débẹ̀, gbogbo ohun tó fi borí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ju bíi 43,000 lọ. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ẹ̀: bí òfin yìí ṣe máa ń fún àlàfo ńlá ní ìrí kékeré, débi pé ẹni tó fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ mọ ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó máa fi ìka tọ́.

Ọ̀rẹ́ yín ní ojóró tiwọn ju tiwa lọ. Ẹ rán an létí 1979, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, bàbá mi ò pa rédíò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Shehu Shagari ní bíi mílíọ̀nù 5.7 ìbò, Awólọ́wọ̀ ní mílíọ̀nù 4.9. Òfin ní ẹni tó máa wọlé gbọ́dọ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ 19 la ní. Shagari rí i ní 12. Ní Kano, ó ní bíi 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Awólọ́wọ̀ pẹjọ́. Richard Akinjide, agbẹjọ́rò Shagari, wá sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, nítorí náà kí wọ́n gé Kano náà sí mẹ́ta. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà bẹ́ẹ̀ ní September 26, 1979. Adájọ́ Kayode Eso kọ̀, ó ní ìpínlẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gé. "Twelve two-third" di ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣàwàdà nílé-ìwé wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé ni pé ohun tí Awólọ́wọ̀ ń béèrè ni kí wọ́n lọ sí electoral college! Ó wà nínú òfin wa nígbà náà pé bí kò bá sẹ́ni tó pegedé, kí àwọn aṣòfin àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kóra jọ yan Ààrẹ.

Mo mú un wá nítorí ohun kan tí mo ti ń rò láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Gọ́fúmẹ́ǹtì ní Abẹ́òkúta. Àwọn tó kọ òfin wa wo Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí ẹ̀rù kan náà tó ba àwọn ti Philadelphia ní 1787: kí apá kan má baà gun gbogbo ìyókù lórí. Àmọ́ wọ́n yẹra fún àléébù ti Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìbò tó pọ̀ jù, lẹ́yìn náà lo máa fi hàn pé ó tàn ká. Títàn ká jẹ́ àfikún, kò lè rọ́pò iye. Lórí ìwé lónìí, ẹni tí ìbò rẹ̀ kéré kò lè jókòó lórí àga Ààrẹ Nàìjíríà. Ohun tí ojú ń rí kí ìbò tó dé orí ìwé, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ló lè sọ ọ́.

Ẹ ní kí n sọ èrò mi. Ká ní ọwọ́ mi ló wà, mo máa pa á rẹ́: kí wọ́n ka gbogbo ìbò pọ̀, bí ẹnikẹ́ni ò bá ní ju ìdajì lọ, kí méjì àkọ́kọ́ tún un dì. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ tán, èmi tí mò ń jẹ oyè Pennsylvania. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn sọ pé bí wọ́n bá pa á rẹ́, ìlú New York àti Los Angeles máa wá jọba lé ará oko lórí. Ìyẹn ò wọ̀ mí létí: ará ìlú New York jẹ́ bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ, ará Los Angeles ò tó mẹ́rin, nínú orílẹ̀-èdè tó ju mílíọ̀nù 330 lọ. Àmọ́ wọ́n ní ẹjọ́ kan tí mi ò lè gbé sọ nù. Kò sí INEC ní Amẹ́ríkà. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ló ń dì í ní ìlànà tirẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló sì ń ṣírò fún aráyé ta ló borí kí ìwé ìjọba tó jáde. Òṣìṣẹ́ ibùdó ìdìbò ni mo ṣe ní 2020. Òfin ìpínlẹ̀ wa ò jẹ́ kí wọ́n ṣí ìbò tó bá wá nínú lẹ́tà kó tó di aago méje àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò gan-an. Mílíọ̀nù mélòó kan ló wá nínú lẹ́tà lọ́dún àrùn Kòrónà yẹn. A dìbò ní ọjọ́ Tuesday, ó di Saturday kí wọ́n tó lè sọ pé Biden ló mú Pennsylvania, láàárín ìgbà yẹn irọ́ ti rin yíká ayé. Ní 2000, ìbò 537 ló wà láàárín Bush àti Gore ní Florida, Florida nìkan ni wọ́n sì ń jà lé lórí títí Ilé-ẹjọ́ fi dá a dúró ní December 12. Ká ní gbogbo ìbò ni wọ́n ń ṣírò pọ̀, tí àlàfo sì kéré, àgbègbè ìdìbò tó wà káàkiri ìpínlẹ̀ 50 ni agbẹjọ́rò máa ya bò. Ẹni tó bá fẹ́ pa Electoral College rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ ìlànà ìdìbò kan náà fún gbogbo ilẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ ò sì ní tètè yọ̀ǹda ìyẹn.

Kí ló dé tí wọn ò pa á rẹ́? Wọ́n súnmọ́ ọn rí. Ní 1968, George Wallace tó ń polongo ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà mú àmì 46, ẹ̀rù ba àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì pé ó lè di ẹni tí wọ́n máa lọ bẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ilé Aṣojú-ṣòfin fi 338 sí 70 dìbò pé kó lọ. Ní 1970, àwọn aṣòfin àgbà kan, púpọ̀ wọn láti Gúúsù, sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi kú síbẹ̀. Láti yí ìwé òfin padà, ó gbọ́dọ̀ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì kọjá, kí ìpínlẹ̀ 38 sì fọwọ́ sí i. Mi ò rí ibi tí ẹni tó ń jẹ níbẹ̀ ti máa fọwọ́ sí i. Láti 2007 tí Maryland ti ṣáájú, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń ṣe àdéhùn láàárín ara wọn pé bí àmì àwọn bá ti pé 270, ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè làwọn máa gbé tàwọn fún. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ tó dúró lé rọ̀: ọjọ́ tí ará California bá rí i pé àmì 54 àwọn lọ bá ẹni tí àwọn kọ̀, ẹ wo bóyá àdéhùn yẹn máa di ọjọ́ kejì. Àwọn mìíì ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe bíi Maine, kí wọ́n pín in sí ẹkùn ẹkùn. Èyí burú ju ti ìṣáájú lọ lójú tèmi, nítorí àwọn olóṣèlú ló ń fa ààlà ẹkùn, wọ́n á fà á síbi tó wù wọ́n.

Ó ku ọmọ yín, àbúrò mi tó wà ní Houston. Bàbá, ẹ má bínú sí i mọ́, ní ti Ààrẹ, ó rí nǹkan tó ń sọ. Àmọ́ ìwé ìbò Texas gùn ju orúkọ Ààrẹ lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dìbò yan adájọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sheriff, agbẹjọ́rò ìjọba tó máa pinnu ẹni tí wọ́n máa gbé lọ sí kóòtù, àti àwọn tó ń darí ilé-ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ń lọ. Ìbò kan náà tí Electoral College gbé mì, odindi ló wà níbẹ̀, àwọn ìdìbò yẹn kì í sì í fa èrò púpọ̀, ìbò mélòó kan ló máa ń wà láàárín ẹni tó wọlé àti ẹni tó já. Kó forúkọ sílẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú, kó mú káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò lọ́wọ́, kó sì ka ìwé ìbò náà tán kó tó kúrò níbẹ̀. Ti Ààrẹ di November 7, 2028.